Ayẹléwò Tuntun ní Arepo

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ilé kíkọ́ gbé wọ agbègbè Arepo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, iṣẹ́ ayẹléwò ni ó kéré jù lọ́jọ́ orí, kò sì sí èyí tí ó yára sọ ènìyàn di Ẹnjiníà tó o. Ayẹléwò ni ẹni tí olùrà ilé ń sanwó fún kí ó yẹ ilé náà wò láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé, kí ó sì kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀ kí owó ńlá tó kúrò lọ́wọ́ olówó. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ti ní ẹgbẹ́ láti ọdún 1976. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1970 wà fún àwọn ẹnjiníà, ti ọdún 1975 wà fún àwọn tí ń díyelé ilé àti ilẹ̀, ti ọdún 1989 sì wà fún àwọn akọ́lé, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí kò ti sí èyí tí a ṣe fún ayẹléwò ní tirẹ̀, akoto kan, tọ́ọ̀ṣì kan àti káàdì tí a tẹ orúkọ sí ti tó láti fi dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Oníbàárà kò wọ́n ọn. Ẹ̀bá òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978, ni Arepo wà, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tí owó ilé ti lé kúrò ní Èkó ń wá ibi ìsinmi sí, àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní London àti Houston náà sì ń fi owó ránṣẹ́ láti ra ilé tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì tẹ̀. Ẹ̀rù ti mú wọn láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí, ẹ̀rù yìí gan-an sì ni ọjà tí ayẹléwò ń tà.

Ọ̀gá méjì ni ó kọ́ ọ níṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni bíríkìlà àgbà kan, tí ó fi ọdún gbọọrọ sin ọ̀gá tirẹ̀ kí ó tó gba fírídọ̀mù, èyíinì ni ayẹyẹ tí a fi ń tú ọmọṣẹ́ sílẹ̀ láti máa dá ṣiṣẹ́. Bàbá yìí a máa kan ògiri, a sì ní kí ọmọ fetí sí i, torí pé ibi tí ó bá dún bí ohun òfìfo ni símẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ẹ ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù. A máa fi ìṣó họ búlọ́ọ̀kù tí a kò tíì rẹ́, kí ọmọ rí i pé èyí tí ó ń dà bí iyanrìn kò jẹ símẹ́ńtì kánú. Ó ń ṣàlàyé pé sísán tóóró tí ó wà lójú ògiri nìkan kò ju ọ̀rọ̀ ọ̀dà lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti igun fèrèsé sọ̀ kalẹ̀, tí ó ń tẹ̀lé oríkèé búlọ́ọ̀kù ní ìpele ìpele, ìpìlẹ̀ tí ń rì ni ó ń sọ. Ó tilẹ̀ mọ̀ pé láti 2014 ni SON, àjọ tí ń rí sí ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, ti ní símẹ́ńtì tí a kọ 32.5 sí lára kò gbọdọ̀ ju iṣẹ́ rírẹ́ ògiri lọ, àti pé 42.5 ni ti búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, bóyá ìdí nìyẹn tí ọmọṣẹ́ fi gbàgbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀gá kejì ni ejẹ́ǹtì, ẹni tí ń mú olùrà lọ bá onílé tí ó sì ń gba owó tirẹ̀ láàárín wọn. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ẹnjiníà, ẹ má bà mí lọ́jà jẹ́ o.” Láti ọjọ́ náà ni ìmọ̀ ayẹléwò ti jinlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ejẹ́ǹtì ni ó pè é, ibi tí ògiri ti lanu a di àléébù kékeré tí ọ̀dà lè bò. Bí ó bá jẹ́ olùrà tí ó fẹ́ kí a gé owó kù ni ó pè é, ibi kan náà a di ẹ̀rí pé ilé ń rì. A kò lè pe èyí ní irọ́, nítorí pé ẹni tí kò gbẹ́ ilẹ̀ wo ìpìlẹ̀ kò mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì, ayẹléwò kì í sì í gbẹ́lẹ̀. Kì í gun òrùlé pẹ̀lú. Ohun tí ó ń kọ ni pé páànù dára “bí a ti rí i láti ìsàlẹ̀”.

Àṣírí iṣẹ́ náà wà nínú oṣù tí a yàn fún un. Àbàtà tí a da iyanrìn sí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìhà odò Ògùn ní agbègbè yìí, bí wọ́n bá sì ṣí omi dáàmù Ọ̀yàn, tí a parí ní 1983, ní ìgbẹ̀yìn òjò, odò a máa kún kọjá ààlà rẹ̀. Oṣù Kìíní, nínú ọyẹ́, ni ayẹléwò ń wá. Ó ń ṣí ẹ̀rọ omi, ó ń pa á, ó ń fi ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ọ̀rinrin kan ògiri, bí ẹ̀rọ náà bá sì ké, a dákẹ́ díẹ̀ kí oníbàárà tí ń wò ó lórí fídíò lè gbọ́. Kò béèrè ìdí tí wọ́n fi kun ọ̀dà tuntun sí ògiri láti ilẹ̀ dé ìbàdí nìkan. Ìyá tí ń ta omi tútù lẹ́nu géètì, tí àmì ibi tí omi gùn dé wà lára ògiri ilé tirẹ̀, lè dá a lóhùn láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n omi nìkan ni ayẹléwò rà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ìyá náà kò ní káàdì.

Ìwé àbọ̀ dé London kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwòrán ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, akoto sì hàn nínú púpọ̀ àwọn àwòrán náà. Ojú ìwé tí ó kẹ́yìn ni ó sọ pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní ẹjọ́ ohunkóhun tí ó bá fara sin. Oníbàárà fèsì pé ọkàn òun ti balẹ̀, èyí tí í ṣe ohun tí ó sanwó fún. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ayẹléwò tuntun ti ń polówó pé òun ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ méjì, ọmọ bíríkìlà àgbà sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀.