Orúkọ Tí A Ó Sọ Kẹ́ẹ̀gì

Olóṣèlú tó bá fẹ́ kí orúkọ òun má parẹ́ a kọ́ afárá, a kọ́ pápá ìṣeré. John Kufuor ò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi ń ṣe ààrẹ Gánà, láti 2001 di 2009, omi wọ́n débi pé kẹ́ẹ̀gì òróró aláwọ̀ ìyeyè di ẹrù orí gbogbo èèyàn, àwọn ará Accra sì sọ ọ́ ní "Kufuor gallon". Bàbá ti kúrò lórí oyè. Kẹ́ẹ̀gì ò kúrò ní Jamestown, létí òkun Accra.

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló kàn mí. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ngleshie Alata, Alata sì ni àwọn Gã, ọmọ onílẹ̀ Accra, ń pe èèyàn ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni.

Ẹ wo ọwọ́ tí omi Gánà ti kọjá. Ní 1965, ìjọba kó omi mímu àti omi ẹ̀gbin sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo, Ghana Water and Sewerage Corporation. Ní 1999, àjọ náà joyè, ó di Ghana Water Company Limited. Olóyè kì í ru ìgbẹ́, ni wọ́n bá ti ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin sọ́rùn káńsù. Èyí tó ń pa owó gòkè lọ bá ọ̀gá. Èyí tó ń rùn sọ̀kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ agbégbẹ́ fi ń dà á sínú òkun ní Korle Gonno, nítòsí Jamestown. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n sọ ibẹ̀? Lavender Hill. Òkè Lọ́fínńdà!

Oyè omi ò tíì ga tó. Ní 2006, wọ́n fi í síkàáwọ́ Aqua Vitens Rand, àjọṣe àwọn ará Nẹ́dálándì àti Gúúsù Áfíríkà. Ọdún márùn-ún pé, ìjọba gbà á padà.

Mi ò sọ pé, ká ní ọwọ́ káńsù ni omi wà, wọn ì bá ṣe é dáadáa o. Láti odò Densu ní Weija àti odò Volta ní Kpong ni omi Accra ti ń wá. Ìsédò Weija àkọ́kọ́ bàjẹ́ ní 1968. Ó di 1978 kí tuntun tó parí. Àpò káńsù wo ló gba irú ẹ̀? Ṣùgbọ́n kánsẹ́lọ̀ ní ilé, ilé náà sì ní ilẹ̀kùn tí ìyá arúgbó lè kàn ní kùtùkùtù, kó gbé korobá òfìfo kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá, nọ́ńbà fóònù ló ní.

Ẹ̀yin ọ̀gá omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnì kan jókòó sí Jamestown, ẹni tó lè buwọ́ lùwé láìbèèrè lókè. Kó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn, ká lè mọ èyí tí a ó sọ kẹ́ẹ̀gì tó kàn.