Ìjàpá Kọ́ńtíráátọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjòyè, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, nígbà tó di kọ́ńtíráátọ̀ ní Ọ̀tà. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, kó fara balẹ̀, kó má sùn lọ. Bí ẹ bá sì gbọ́ ohun tó jọ ẹnìkan tí ẹ mọ̀, ẹ má pe orúkọ rẹ̀. Ẹranko ni mo ń sọ.

Ní ọjọ́ ọjọ́un, Erin kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan sí ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ike omi ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ọmọrí rẹ̀. Ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í sùn, èéfín ibẹ̀ kì í sùn. Gbogbo ọmọ ẹranko tó jáde ilé ìwé tí kò ríṣẹ́, gbogbo èyí tí owó ilé Èkó lé jáde, Ọ̀tà ni wọ́n ń wọ́ wá. Àwọn kan gba yàrá sí Ìjòkó, àwọn kan sí Jójú, àwọn kan sí Agbádo, àwọn mìíràn jìnnà dé Ìfọ̀. Ìlú àwọn Àwórì, ìlú onígẹ̀lẹ̀dẹ́, wá kún fún àwọn tí kò ráyè wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Òkété wà nínú wọn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ Òkété, òru ló ń rìn. Iṣẹ́ òru ni wọ́n fún un. Agogo méje alẹ́, ó wọlé. Agogo méje àárọ̀, ó jáde. Láàárín méjèèjì, orí ìdúró ló wà, níwájú ẹ̀rọ kan tó ń tu ọmọrí ike jáde. Èyí tó dára, ó jù ú sínú páálí. Èyí tó wọ́, ó jù ú sínú garawa. Bó bá ṣíjú wo ibòmíràn, ọmọrí ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló wà láàárín òru: gààrí, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, omi inú ọ̀rá.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, kì í relé. Abẹ́ bíríìjì Sángo ló ń lọ, ó ṣí agboòrùn, ó gbé ẹ̀rọ POS kalẹ̀. POS ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀, ti Adìyẹ ni. Bí oníbàárà kò bá sí, á gbórí lé tábìlì, á sùn fún ìwọ̀n ìgbà tí dánfó kan fi ń kún. Ọ̀sán ló tó ń délé. Á pọnmi, á fọ ṣẹ́ẹ̀tì, á ka ìwé Jáḿbù ojú ewé méjì, á sùn lé ojú ewé kẹta. Bí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ló ń gbádùn, á ní ọjọ́ Sunday. Sunday náà rèé: ó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó san owó wọlé síbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ó fìdí kanlẹ̀ báyìí. Kí wọ́n tó gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé, Òkété ti ń hanrun.

Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀, kó sinmi. Ìjàpá ń bọ̀.

Ìjàpá kò mọ ẹ̀rọ. Kò lè gbé páálí ọmọrí kan. Àmọ́ ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Erin, ó ní, “Ọ̀gá mi, kí lẹ ń fi orí yín ru? Ẹ gba ọmọ ọlọ́mọ síṣẹ́, ó ní òun ń ṣàìsàn. Ẹ gba òmíràn, ó ní ìyàwó òun bímọ. Ẹ jẹ́ kí èmi máa kó wọn wá fún yín. Tèmi ni wọn, kì í ṣe tiyín. Bí ẹ̀rọ bá gé ìka ẹnikẹ́ni, òṣìṣẹ́ Ìjàpá ló gé níka.”

Erin rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa. Ẹ rántí o, Ìjàpá yìí náà ló tan bàbá Erin pé kó wá jọba, tó fi ijó gbé e wọ kòtò. Ẹ̀yin rántí. Erin kò rántí. Ẹni tí wọ́n bá ń bá dín ìnáwó kù, ìtàn kì í sí lórí rẹ̀.

Òfin wà nínú igbó yẹn. Ọdún 2019 ni wọ́n ti ṣe òfin pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín sí 30,000 náírà. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2024, Kìnnìún fọwọ́ sí òmíràn, ó di 70,000. Àwọn ẹranko jó. Òkété jó lójú oorun. Ìjàpá kò jó. Ìwé òfin ló lọ gbà, ó tan fìtílà, ó ń wá ihò inú rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn a máa ka ìwé, Ìjàpá a máa wá ihò inú ìwé. Ó sì rí i. Òfin ní ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25, òun kò bá a wí.

Ìjàpá fi ìka lé e. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó pariwo pe Yánníbo.

“Ìyàwó mi, mẹ́rìnlélógún dùn ju ẹẹ́dọ́gbọ̀n lọ.”

Yánníbo ní, “Baálé mi, ṣé iṣu ni?”

Ó tún ṣí òmíràn. Òfin iṣẹ́ ní kí oṣù mẹ́ta òṣìṣẹ́ tó kọjá, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí àdéhùn iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìjàpá ní ìyẹn kò le. Bó bá ti di ọ̀sẹ̀ kọkànlá, kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tún wá tò sẹ́nu gétì bí ẹni tuntun. Ọ̀bọ ti lo ọdún mẹ́rin nídìí ẹ̀rọ, irun àyà rẹ̀ ti ń ràn mọ́ ike. Nínú ìwé Ìjàpá, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dé.

Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni òṣìṣẹ́ tí Erin ń fẹ́. Ìjàpá pín in sí mẹ́rin, mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìnlélógún. Kọ́ḿpìnì mẹ́rin. Kọ́ḿpìnì mẹ́rin gbọ́dọ̀ ní olówó mẹ́rin. Orúkọ tirẹ̀ kò sì ṣeé kọ síbi kankan, torí kò sí báńkì tí kò jẹ ní gbèsè. Àwọn ẹyẹ tó yá a níyẹ̀ẹ́ láyé ìjọ́un ṣì ń wá a. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mú Òkété, ó mú Ọ̀bọ, ó mú Ọ̀kẹ́rẹ́, ó mú Ìgbín. Ó ní kí wọ́n mú nọ́ńbà NIN wá, kí wọ́n mú fọ́tò wá, kí wọ́n mú àtàǹpàkò wá.

Òkété ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, fọ́ọ̀mù wo nìyí?”

Ìjàpá ní, “Ti owó ìfẹ̀yìntì ni. Òfin ọdún 2014 ni: ìwọ yóò mú mẹ́jọ wá nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀gá yóò mú mẹ́wàá wá. Àbí o kò fẹ́ dàgbà?”

Ta ni kò fẹ́ dàgbà? Ìjàpá bá bú sórin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ má jẹ́ kó dá kọ ọ́:

Lílé: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wáṣẹ́ wọ̀lú Ọ̀tà,
Ègbè: Tẹ̀ka síbẹ̀, tẹ̀ka!
Lílé: Ìwé ò ní bù yín lọ́wọ́ jẹ,
Ègbè: Tẹ̀ka síbẹ̀, tẹ̀ka!
Lílé: Ẹni bá ń bèèrè níí pẹ́ wọlé,
Ègbè: Tẹ̀ka síbẹ̀, tẹ̀ka!
Lílé: Ẹni bá fẹ́ kà á, ilé ló ń lọ,
Ègbè: Tẹ̀ka síbẹ̀, tẹ̀ka!

Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Bí owó ṣe ń rìn nìyí. Erin ń san 90,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Àkáǹtì mẹ́rin lówó ń gbà wọlé. Káàdì mẹ́rin wà nínú ìkarahun Ìjàpá, síìmù mẹ́rin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí aláàtì bá dún, ìkarahun ló ń dún. Ìjàpá ń san 45,000. Á yọ mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku 41,400. Mẹ́jọ tó yọ, ìkarahun. Mẹ́wàá tí Erin fi kún un, ìkarahun. Ó ń kó o jọ, ó fẹ́ kọ́lé alájà méjì, ó ti ra bíríkì.

Nígbà tí àwọn kan kùn, Kìnnìún rán Ìgalà wá kó wá wò ó. Ìgalà ka àwọn ti Òkété: mẹ́rìnlélógún. Ó rí ogunlọ́gọ̀ tó ń làágùn lápá kejì. Ó ní, “Àwọn yẹn ńkọ́?” Ìjàpá ní, “Ti ẹlòmíràn nìyẹn, sà.” Wọ́n gbé ìrẹsì ọ̀fadà wá nínú ewé, pẹ̀lú ayamáṣe. Ìgalà jẹun. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun gbogbo wà létòlétò. Ó lọ.

Ó wá di ọjọ́ kan, Òkété ní òun náà fẹ́ ní POS tòun. Ó gba báńkì lọ, ó fẹ́ yá 50,000. Eruku ọmọrí ṣì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ológbò tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò kọ́kọ́ gbójú sókè. Ó gba nọ́ńbà, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó dìde.

“Ẹ kú àbọ̀, ọ̀gá. Ẹ má bínú, ẹ jókòó síbi tí fáànù wà.”

Òkété wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí.

Ológbò ní, “Ọ̀gá, ẹ ní mílíọ̀nù mẹ́fà náírà ó lé nínú àkáǹtì kọ́ḿpìnì yín. Kí lẹ ń yá 50,000 fún?”

Oorun tó ń kun Òkété láti ìgbà tó ti dé Ọ̀tà, ojú ẹsẹ̀ ló dá. Kò pariwo. Kò ní “Kọ́ḿpìnì wo?” Ó jókòó síbi tí fáànù wà, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní káàdì òun sọ nù, síìmù òun náà sọ nù, kí wọ́n bá òun pààrọ̀ káàdì àti nọ́ńbà tó wà lórí àkáǹtì. Wọ́n ní kó tẹ̀ka. Inú rẹ̀ dùn, ó ń kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀:

Lílé: Ìka tó wọ̀wé lowó mọ̀,
Ègbè: Tẹ̀ka síbẹ̀, tẹ̀ka!
Lílé: Àtàǹpàkò kì í ṣojú àlejò,
Ègbè: Tẹ̀ka síbẹ̀, tẹ̀ka!

Ó pe Ọ̀bọ, Ọ̀bọ fò dé. Ó pe Ọ̀kẹ́rẹ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré dé. Ó pe Ìgbín. Ìgbín gbéra lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ẹ mọ ọ̀nà Sángo bí òjò bá rọ̀, ẹ sì mọ Ìgbín. Kó tó dé, Ìjàpá ti kó ti àkáǹtì kẹrin lọ ra páànù. Ẹ má fi ìyẹn bá mi wí, bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ní Fúráìdè, Ìjàpá lọ sídìí ATM. Ẹ̀rọ gbé káàdì kìn-ín-ní mì. Ó ki ìkejì bọ̀ ọ́, ó gbé e mì. Ó ki ìkẹta bọ̀ ọ́. Ó wọ inú báńkì, ó ń lu àyà.

Ológbò ní, “Kí lorúkọ yín?”

Ìjàpá ní, “Èmi ni mo lowó!”

“Orúkọ ni mo bèèrè.”

Kò lè sọ ọ́. Bó bá sọ ọ́, gbèsè àtijọ́ yóò jí. Ó sáré tọ Erin lọ, Erin mú ìwé jáde, ó fi ọwọ́jà rẹ̀ tọ́ka sí i: Òkété, Ọ̀bọ, Ọ̀kẹ́rẹ́, Ìgbín. “Ìjàpá dà níbẹ̀?” Ó fẹ́ ké olè, Ajá tó ń ṣọ́ gétì ní kó lọ ṣàlàyé fún Ìgalà ìdí tí kọ́ḿpìnì ẹnìkan fi jẹ́ mẹ́rin. Ó panu dé. Ẹni tó ta bíríkì fún un láwìn wá kó bíríkì rẹ̀. Yánníbo kó lọ sílé ìyá rẹ̀. Ẹ má retí kí n fọ́ ọ níkarahun. Ó ti fọ́ tẹ́lẹ̀, àlọ́ mìíràn nìyẹn.

Òkété pín 20,000, 20,000 fún àwọn tirẹ̀. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi í ṣeré káàkiri Ojú-Ore. Wọ́n ní kó kó àwọn lọ bá Erin, kí Erin gbà wọ́n síṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó san 70,000 Kìnnìún. Erin ní, “Èmi kò mọ ẹnikẹ́ni nínú yín. Òkété ni mo mọ̀. Òkété, 90,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣé kò pọ̀ tó?”

Òkété fọwọ́ ra irun ẹnu. Ó ní òun yóò lọ rò ó.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá pé, gbogbo wọn tún lọ sílé. Mọ́ńdè, agogo mẹ́fà àárọ̀, ìlà gùn láti gétì dé títì. Òkété jókòó lórí àga ike, aṣọ rẹ̀ mọ́, ìwé gbọọrọ lórí itan rẹ̀. Kì í ṣe bíi ti Ìjàpá o: orúkọ ara rẹ̀ ló fi ṣe olówó. Fọ́ọ̀mù tí àwọn yòókù ń tẹ̀ka sí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátá.

Ẹtu ní, “Bọ̀ọ́dà Òkété, fọ́ọ̀mù wo nìyí?”

“Ti owó ìfẹ̀yìntì ni.”

Ajá ní, “Òkété, báyìí nìwà rẹ!” Wúyẹ́wúyẹ́ ló sọ ọ́, torí ọwọ́ Òkété lòun náà ti ń gbowó báyìí.

Ìlà ń sún. Òkété ń kà: ogún, mọ́kànlélógún, méjìlélógún, mẹ́tàlélógún. Ẹ̀yìn Ẹfọ̀n ni ẹnìkan sá pamọ́ sí, ó fa fìlà bojú, apá ẹ̀yìn rẹ̀ ga. Ẹfọ̀n tẹ̀ka, ó wọlé. Onífìlà na àtàǹpàkò tirẹ̀ náà.

Òkété pa ìwé dé. “Mẹ́rìnlélógún ti pé, sà.”

Ìjàpá ṣí fìlà. “Òkété ọmọ mi, ṣé èmi lò ń kà lé? Èmi tí mo kọ́ ọ ní ìṣirò!”

Òkété ní, “Ẹ ṣeun, bàbá. Ó yé mi dáadáa.” Ó ní kí Ajá ti gétì.