Oríkì Àgbá-Òfìfo, Gìtá Tòkunbọ̀ Ìjọ Wa

Ìbà o, Àgbá-òfìfo! Ìbà, gìtá tòkunbọ̀ tó gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò wọ Sángó!

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, wọ́n ní ká dìde fún orin ìyìn, ìwọ lo kọ́kọ́ dìde. Mi ò tíì fọwọ́ kàn ọ́ tí o ti ń hu, "húùùù," tí pásítọ̀ fi rò pé ẹ̀mí kan ló ń jáde lára èèyàn.

Àgbá-òfìfo, ọmọ a-dún-kí-wọ́n-tó-lù-ú. Àgbá-òfìfo oníhò méjì tó rí bíi lẹ́tà f, tí afẹ́fẹ́ ń gbé inú rẹ̀ láìsan owó ilé. Okùn rẹ mì, ẹ̀rọ gbóhùn rẹ jáde. Ohùn padà wọkùn rẹ, ikùn tún mi okùn, ẹ̀rọ tún gbé e jáde. O dá a, o gbè é, o tún ṣe àmín sí i. Igbe yìí náà ló mú kí B.B. King, olórin blues Amẹ́ríkà, máa fi aṣọ di ihò gìtá tirẹ̀ tó ń pè ní Lucille, títí iléeṣẹ́ Gibson fi ṣe Lucille aláìníhò fún un ní 1980. Èmi náà fi àkísà di tìrẹ. Kàkà kí o dákẹ́, ńṣe lo ń hu, tí o tún ń wúkọ́.

A-ta-má-dùn, a-tà-má-rówó! A ta ọ́, o ò dùn; a fẹ́ tà ọ́, ẹnikẹ́ni ò rà. Ìka ọwọ́ mi nìkan lo mọ̀ ọ́n ta. Okùn rẹ ga kúrò lọ́rùn débi pé kẹ̀kẹ́ Márúwá lè gba abẹ́ wọn kọjá bí ẹni gba abẹ́ afárá Sángó.

Ẹ̀yin gìtá oníná kúkú nílé ire. Láti 1949 ni Àyìndé Bákàrè ti gbé irú yín wọnú jùjú. Ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, inú kátálọ́ọ̀gì ilé ìtajà Sears ni tálákà ti ń ra gìtá Silvertone, tí Harmony àti Kay ń ṣe ní Chicago. Orúkọ tó wà lórí tìrẹ ti parẹ́. Ojú ló tì í, ló bá sá lọ.

Ẹ jẹ́ n pa ẹ̀fẹ̀ tì díẹ̀. Owó káṣúà làwọn ọmọ akọrin wa dá ra gìtá yìí. Wọ́n ń fi òru gbẹ́rù nílé iṣẹ́, ọkùnrin tó tà á fún wa sì wò wọ́n lójú, ó ní "orígínà ni." Ẹ̀rọ kékeré tí ohùn rẹ̀ ò ju ti rédíò lọ ló fi dán an wò fún wa, torí ó mọ̀ pé kò ní hu níbẹ̀. Olè ni. Mi ò lórúkọ mìíràn fún un.

Ó dáa, Kábíyèsí Àgbá-òfìfo, a-ta-má-dùn, níbo ni ká wá gbé ọ lọ? Àwọn tó ń yọ́ irin ní Ọ̀tà níbí ní okùn mẹ́fà nìkan làwọn lè gbà lára rẹ. Mo fi pákó tó kù lọ ìyá alákàrà àdúgbò wa fún igi ìdáná. Ó gbóòórùn rẹ, ó ní èéfín fáníìṣì máa ba àkàrà òun jẹ́.