Oníṣòwò Ìjàpò Tó Ru Kòkó Lọ sí 1872

Ní Thunder Bay, ní Kánádà, ibùdó òwò àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Fort William. Àwọn èèyàn máa ń wọ aṣọ ayé ijọ́un síbẹ̀, wọn a wa ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́, wọn a ṣe bí oníṣòwò North West Company tó ń ra awọ beaver, ẹranko odò tí àwọn òyìnbó ń fi irun rẹ̀ ṣe fìlà. Ọkùnrin kan ní Ìjàpò Estate, l'Ákùúrẹ́, wo fídíò wọn, ló bá ní àwa náà ní tiwa.

Kò parọ́. Nígbà tí Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ń ti ọ̀nà mọ́ àwọn oníṣòwò, John Glover tó ń ṣàkóso Èkó dúró ti ọ̀nà mìíràn: láti Èkó gba orí ọ̀sà, kí wọ́n gba Oǹdó lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 1872 ni ọ̀nà náà là dáadáa. Iyọ̀, aṣọ àti ìbọn ń gòkè, epo ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 sí 1893, ibẹ̀ ni ìbọn ìgbàlódé gbà dé ọwọ́ Èkìtìparapọ̀, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó pawọ́ pọ̀ bá Ìbàdàn jà.

Ọkùnrin wa kó àwọn aládùúgbò jọ láti ṣe bí oníṣòwò ọ̀nà náà ní 1872, ó sì fi ara rẹ̀ jẹ olórí oníṣòwò. Ó wọ àǹkárá tó ń dán gbinrin. Ìyá àgbà kan, ọmọ Oǹdó, wò ó tẹsẹ̀ torí: “Ọmọ mi, ṣé ìgbéyàwó lò ń lọ ni?” Kíjìpá ló yẹ kó wọ̀, ó tó nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn 1872 kí àǹkárá tó dé ọjà Gold Coast.

Ẹrù orí rẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: àpò kòkó. Oǹdó sáà ni, kí la tún fẹ́ rù? Ọmọdébìnrin kan nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé wa ní 1874 ni Squiss Ibaningo gbé kòkó wá sí Bonny.”

Kí ẹ má baà máa wo ojú àwọn ará Ìjàpò kiri: èmi ni ọkùnrin náà.

Mo fẹ́ fi ọjà títà bo ìtìjú, mo kígbe pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni iyọ̀ mi. Náírà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní 1973! Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní 1872, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù odindi alágbára.

Èyí tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni bángà tí mo yìn dípò ìbọn ṣakabùlà. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ọlọ́dẹ fọn fèrè, ó ti géètì pa. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ dojú bolẹ̀, tòun ti àga rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ṣì lè sáré.

A ó tún un ṣe, ní Oǹdó gan-an. Ẹni tí kíjìpá ìyá ìyá rẹ̀ bá wà nínú àpótí, tàbí tó ní owó ẹyọ gidi, kó jọ̀ọ́ yá wa. Ẹ má mú ìbọn wá.