Tíráàmù 28

Wọ́n ní orí òkè méje ni wọ́n kọ́ Lisbon lé. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín á búra pé wọ́n lé ní ogún. Ìdí nìyẹn tí àlejò fi ń sáré tọ tíráàmù 28, ọkọ̀ onípákó aláwọ̀ ìyeyè tó ti lé ní 80 ọdún. Ní Martim Moniz ni èrò ti máa ń tò dè é. Ẹ wo ìlà! Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gun òkè dé Graça, kó mu kọfí, kó padà, ìlà ò tíì sún.

Àmọ́ ó dùn ún wọ̀. Ní àdúgbò Alfama, tí ìmìtìtì ilẹ̀ 1755 kò fi bẹ́ẹ̀ wó, ọ̀nà há débi pé èèyàn lè na ọwọ́ láti fèrèsé kó fọwọ́ kan ògiri ilé onílé. (Ẹ má nà án o.) Bí ẹnì kan bá páàkì mọ́tò rẹ̀ sójú irin, ó parí: aago ni awakọ̀ máa lù títí, tíráàmù ò ṣáà lè yà. Àwọn màmá àgbà tó ń tọjà bọ̀, tí wọ́n ni ọkọ̀ yìí gan-an, á máa wo àwa oníkámẹ́rà bí ẹni tó wọ pálọ̀ wọn láìkanlẹ̀kùn. Àwọn olè ayọwó-lápò nìkan ló ń kí wa káàbọ̀.

Ní Prazeres, lẹ́gbẹ̀ẹ́ itẹ́ òkú ńlá kan, ni ọkọ̀ ń parí sí. Gbogbo èrò á bọ́ọ́lẹ̀. Bàbá kan kọ̀ jálẹ̀: ó ní àlọ àti àbọ̀ lòun san.