Òkúta Kan, Ihò Márùn-ún

Dárà kò nílò pátákó. Ẹ gbẹ́ ọgbọ̀n ihò síbi tí iyanrìn bá ti rọ̀: ìlà márùn-ún, ihò mẹ́fà mẹ́fà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnì kan ṣa òkúta méjìlá, kí ẹnì kejì ṣẹ́ igi wẹ́wẹ́ méjìlá. Ẹ ó kọ́kọ́ máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ tíì to mẹ́ta. Nígbà tó bá ku ihò mẹ́fà tó ṣófo, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sún wọn sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún tàbí sósì, ìṣísẹ̀ kan péré. Ẹni tó bá to mẹ́ta gẹ́lẹ́, ní ìbú tàbí ní òró, á mú ọ̀kan nínú ti ọ̀tá rẹ̀. Mẹ́rin ò kà. Ní Dókà níbí, tó jẹ́ oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Kaduna North, mo ti ń wo àwọn àgbà Haúsá tí wọ́n ń ta á láti kékeré. Eré tí ọmọdé lè mọ̀ ni, ìyẹn ni mo fi rò pé kọ̀ǹpútà á mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python nígbà náà, ẹnu mi sì ti ṣáájú ọwọ́ mi. Mo sọ fún bàbá mai shayi tó ń ta tíì lẹ́nu ilé wa pé mo fẹ́ gbé dárà sínú láptọ́ọ̀pù, kí òjò má bàa máa ba eré wọn jẹ́ mọ́. Bàbá ń da tíì láti ife kan sí èkejì kó lè hó, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Bayarabe, òjò ò ba dárà jẹ́ rí. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sá fún un.”

Nínú Python, ọgbọ̀n ihò yẹn jẹ́ àtòjọ inú àtòjọ: ńlá kan tó gbé ìlà márùn-ún dání, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àtòjọ kékeré tó ní òǹkà mẹ́fà. 0 fún ihò tó ṣófo, 1 fún òkúta, 2 fún igi. Ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n kọ ọ́ jáde lẹ́sẹẹsẹ. Ṣebí [0] * 6 ń fúnni ní òdo mẹ́fà? [[0] * 6] * 5 á sì fún mi ní ìlà márùn-ún. Mo tẹ̀ ẹ́, ọgbọ̀n òdo tò rẹrẹ. Mo ké sí bàbá.

Mo fi òkúta kan sí ìlà kẹta. Òkúta márùn-ún ló yọ, ọ̀kan lórí èkejì, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Òkúta kan lo mú,” bàbá wí. “Mo rí ọ.” Wọ́n ké sí oníbàárà tó ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ pé kó wá wo ojóró.

Mo ní fáírọ́ọ̀sì ni. Mo yọ Python kúrò, mo fi owó dátà tuntun wà á padà, òkúta kan ṣì ń di márùn-ún. Ìgbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń tọ́jú èdè náà, pé láti 1991 tó ti jáde, èmi nìkan ni mo rí àṣìṣe ńlá yìí. Iná tó lọ, tí bátìrì sì kú, ni kò jẹ́ kí n fi ránṣẹ́.

Ohun tí mo kọ náà ni Python ṣe. Kò ṣe ìlà márùn-ún. Ìlà kan ló ṣe, ó wá tọ́ka sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ wo ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alhaji lọ́jà, Bàbá Rìsí nílé, Ẹ̀gbọ́n ládùúgbò. Bí ẹ bá gbá Alhaji létí, ẹ má bèèrè ohun tó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Rìsí wú. Àwọn òdo inú ìlà ò dá irú wàhálà yìí sílẹ̀, torí òǹkà kì í yí padà nínú ara rẹ̀. Òmíràn lèèyàn ń fi rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fọwọ́ kan inú àtòjọ, gbogbo ohun tó ń tọ́ka sí i ló ti rí i. Ohun tó yẹ kí n kọ ni [[0] * 6 for _ in range(5)], tó ń ṣe ìlà tuntun ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ìbú àti òró ló kàn. Kàdúná tí mo dàgbà sí, orí ìwé nìjọba Lugard ti fa ìlà rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1913, síbẹ̀ mo ṣi àwọn méjèèjì mú. Ìlà ló ń ṣáájú, ihò ló ń tẹ̀ lé e. Èmi kọ ihò ṣáájú. Nígbà tí mo bá ń wá ihò kẹfà, ìlà kẹfà tí kò sí ni Python ń wá lọ. IndexError.

Mo tún un ṣe, bàbá sì gbà láti bá mi ta. Wọ́n ti òkúta kan kọjá ìlà òkè pátápátá, bóyá ọwọ́ ló yọ̀. Òkúta náà gba ìsàlẹ̀ wọlé. Èmi ò ṣọ́ ẹ̀bá àwọn ìlà, mo rò pé Python á pariwo. Ó ń pariwo lóòótọ́ béèyàn bá gba ìsàlẹ̀ jáde. Béèyàn bá gba òkè, ìlà 0, tó jẹ́ ti òkè pátápátá, á di -1, Python sì gbà pé -1 ni ìlà tó kẹ́yìn. Kí n tó mọ ìdí rẹ̀, bàbá ti mọ ìlò rẹ̀. Wọ́n ń gba òkè jáde, wọ́n ń wá to mẹ́ta lẹ́yìn mi. Tíì àti búrẹ́dì la fi ta á, mo sì jẹ gbèsè.

Mo kọ 0 <= i < 5 síbẹ̀ lóru, i ni nọ́ńbà ìlà. Lọ́jọ́ kejì, òkúta bàbá kọ̀, kò gòkè.

“Ta ló dí ọ̀nà?”

Mo ṣàlàyé. Bàbá gbé kẹ́tù sílẹ̀. “Ọjọ́ tí òkúta kan di márùn-ún, mo ní ojóró ni, o bínú. Mo wá mọ ọ̀nà tán, o dí i.” Àwọn méjì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, ó ṣe tán, bàbá ti kọ́ wọn lọ́nà náà. Gbèsè búrẹ́dì sì wà lọ́rùn mi, mi ò lè jiyàn.

Mo yọ 0 <= kúrò, mo fi i < 5 sílẹ̀.