Alága Kò Rí Ìgbẹ́ Yà

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ ìtọ́jú inú. Nílé wa ní Ọ̀yọ́, ọmọ tí kò bá tíì dé ẹ̀yìnkùlé kí oòrùn tó yọ, ìyá wa á ti gbé ìkòkò àgbo kaná nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ àgbo, rọ́bà kékeré kan wà tí ẹnu rẹ̀ gùn, tí kì í wojú ẹnikẹ́ni. Báyìí ni mo ṣe dàgbà, tí mo sì gbà pé kò sí inú tó há tí mi ò lè tú. Mo ti tọ́jú ìyàwó mi, mo ti tọ́jú àwọn ọmọ, mo ti tọ́jú àna mi tó wá kí wa fún ìgbà díẹ̀, wọ́n fẹ́, wọ́n kọ̀. Alága ló wá gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi.

Ológbò ni Alága. Tọ́lá ọmọ mi ló fi í sílẹ̀ fún wa n'Íbàdàn nígbà tó ń lọ sí Manchester. Òun náà ló sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé orí àga mi ló máa ń jókòó sí, tí á máa wo gbogbo ẹni tó bá wọlé bí ẹni pé wọ́n pẹ́ dé ìpàdé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yí orúkọ náà padà. Alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, àgbàlagbà tó níyì, ògiri kan péré ló wà láàárín ilé tiwọn àti tiwa. Tọ́lá ní ológbò náà ti mọ orúkọ rẹ̀, pé ó ti pẹ́ jù.

Kó tó lọ, ó kọ ìlànà sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì: oúnjẹ tútù inú agolo, omi sí ibi púpọ̀ nínú ilé, kí a máa ya irun rẹ̀, kí a máa bá a ṣeré. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà mo fi bíìlì iná mànàmáná bò ó.

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ kí ẹ tó gbọ́ iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ inú agolo ológbò. Ó wọ́n ju sadíìnì tí èmi fúnra mi ń jẹ lọ. Mo bá ra oúnjẹ oníhóró, èyí tó le gbọnrangandan, mo sì ń fi egungun adìyẹ lé e lórí, torí níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹran ọ̀sìn tó bá ń rí egungun jẹ, ọlá ló ń jẹ. Omi rẹ̀ ńkọ́? Mo gbé abọ́ omi náà ti àpótí yanrìn tó ń yàgbẹ́ sí, kí n má baà máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò wá sí mi lọ́kàn pé èmi pàápàá kò ní gbé ife omi mi sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ológbò kò fẹ́ràn kí omi tó ń mu sún mọ́ ibi tó ń ṣe gáà. Alága bá pa omi náà tì. Mo ní òùngbẹ kò gbẹ ẹ́.

Ó ń gbẹ ẹ́, àmọ́ ológbò kì í tètè mọ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, ní Àríwá Áfíríkà àti agbègbè Ìlà-Oòrùn tó sún mọ́ ọn, inú ẹran tí wọ́n bá pa ni wọ́n sì ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú omi wọn. Nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ara eku, omi ni. Hóró tí mò ń bù fún Alága, omi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 10 lọ. Ọyẹ́ sì dé lásìkò yẹn, tí ètè gbogbo wa ń là, tí ilẹ̀kùn ń sán. Iṣẹ́ ìfun ńlá ni kó fa omi kúrò lára ìgbẹ́. Bí ìgbẹ́ bá ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ló ṣe ń gbẹ sí i, bó bá sì ṣe ń gbẹ ló ṣe ń ṣòro láti jáde. Èyí kò sí nínú ohun tí ìyá mi kọ́ mi. Àgbo ló kọ́ mi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé àpótí yanrìn mọ́. Ní tòótọ́, inú mi dùn. Èmi ni mò ń kó o, mo sì rò pé Alága ti ń fòye hàn sí àgbàlagbà. Mo tilẹ̀ yìn ín níṣojú àlejò. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú yanrìn, á lóṣòó, á dojú kọ ògiri, á fún ara rẹ̀, á ké, á tún jáde lọ́wọ́ òfo.

"Bàbá Tọ́lá, ológbò yìí ń rọbí," ni ìyàwó mi wí.

"Akọ ni."

"Mo mọ̀ pé akọ ni. Ó ń rọbí."

Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi.

Mílíìkì inú agolo ni mo kọ́kọ́ bù fún un. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ológbò fẹ́ràn mílíìkì. Fífẹ́ràn rẹ̀ kọ́ ni ẹjọ́, inú ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà ni kò lè da ṣúgà inú rẹ̀. Inú Alága bẹ̀rẹ̀ sí í kùn débi pé mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń wo ìròyìn. Nígbà tó di ìdájí, omi dúdú díẹ̀ wà nínú yanrìn. Mo pe Tọ́lá, mo ní mo ti ṣẹ́gun. Ìgbẹ́ líle ṣì wà níbi tó wà. Omi yẹn kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni, àmọ́ èmi ti gba oríire tán.

Ọjọ́ kejì ni mo gbé epo pupa jáde. Ìyàwó mi fi táwẹ́ẹ̀lì wé Alága, èmi mú ṣíbí. Ó pa ẹnu dé. Mo pariwo mọ́ ọn. Mi ò rántí pé fèrèsé ṣí sílẹ̀.

"Alága, la ẹnu ẹ! Mo ní kó o la ẹnu ẹ! Gbé e mì, Alága! Bó ò bá gbé e mì, màá gba ìdí ẹ wọlé!"

Láti ẹ̀yìn ògiri, ohùn jẹ́jẹ́ kan dáhùn. "Ẹ̀yin ará ibí yìí, ṣé èmi lẹ ń bá wí?"

Èmi àti ìyàwó mi dákẹ́ lọ gbári. Alága rí àyè, ó tu epo náà sí mi láyà, ó wúkọ́, ó já bọ́, ó gba orí kọ́tìnnì kọjá, ó sì fẹsẹ̀ tẹ léèsì funfun tí ìyàwó mi fẹ́ wọ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ epo ṣì wà lára léèsì náà. Ikọ́ tó wú yẹn ló yẹ kó já mi láyà ju léèsì lọ, nítorí epo tí a bá fi tipátipá dà sí ológbò lẹ́nu lè ṣìnà gba ọ̀nà èémí, kó sì bá ẹ̀dọ̀fóró jà. Mi ò mọ̀. Mo kàn ní ó ya aláìmoore.

Ohun tó kù ni rọ́bà ìyá mi. Mi ò rí irú rẹ̀ mọ́, mo bá lọ sí kẹ́míìsì, mo mú àpótí oògùn kékeré kan lórí pẹpẹ, èyí tí wọ́n fi ń fún omi oògùn sí ìdí èèyàn. Ojú tì mí láti sọ pé ti ológbò ni. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní, "Sà, ẹni ọdún mélòó ló fẹ́ lò ó?"

"Ọdún 6."

"Ẹ mọ kílò rẹ̀?"

"Kílò 5."

Owó tó ń kà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́fà? Kílò márùn-ún? Sà, kí ló ń jẹ?"

"Egungun."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni ìyá rẹ̀ wà?"

"Ó ti lọ sí Manchester."

Omi ti gba ojú ọmọ ọlọ́mọ kí n tó jẹ́wọ́ pé aláìsàn mi ní ìrù. Ó gba àpótí náà padà lọ́wọ́ mi, ó dá owó mi padà, ó ní kí n wá dókítà ẹranko lọ. Ọmọ náà gba Alága là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú burúkú ló fi ń wò mí báyìí bí mo bá wá ra oògùn ẹ̀fọ́rí.

Mi ò ní àpótí tí wọ́n fi ń gbé ológbò. Mo gbé e sínú àpò Ghana-must-go, mo fi ibi tí atẹ́gùn á máa gbà sílẹ̀, mo wọ takisí Micra. À ń lọ jẹ́jẹ́ títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́. Àpò mi fò sókè, ó sì ké bí ọmọ ọwọ́. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Mo rò pé màá fọkàn wọn balẹ̀, mo ní, "Ẹ má bẹ̀rù, ológbò ni." N'Íbàdàn! Awakọ̀ dúró sójú títì, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin kan ní kí n fi ọwọ́ mi méjèèjì sókè kí òun rí i. Mo san owó àyè gbogbo wọn kí awakọ̀ tó gbà láti gbé mi dé ibi tí mò ń lọ, ó sì ń fi dígí wò mí ní gbogbo ọ̀nà.

Dókítà náà kéré sí Tọ́lá. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni, "Bàbá, ṣé ó ń tọ̀?"

Mi ò mọ̀. Mi ò tilẹ̀ ronú kàn án. Ó yára fọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn Alága, ó wá mí kanlẹ̀. Ó ní akọ ológbò tó bá ń lóṣòó tó ń fún ara rẹ̀ láìsí ohun tó ń jáde, ìtọ̀ ló lè há, ọ̀nà ìtọ̀ wọn tín-ín-rín. Bí ìyẹn bá há tán, ológbò lè kú kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi mílíìkì dán wò. Àpò ìtọ̀ Alága rọ̀. Ìgbẹ́ ni. Ó ya X-ray, ó fi hàn mí. Mo rí egungun adìyẹ ọjọ́ Àìkú níbẹ̀, mo sì dá a mọ̀.

"Kí lẹ ti fún un?" Mo kà á fún un. Bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí mo dé orí epo pupa, ó gbé bírò sílẹ̀. Nígbà tí mo dé orí kẹ́míìsì, ó dìde. Ó ní púpọ̀ nínú irú oògùn ìdí yẹn, fọ́sífétì ló wà nínú rẹ̀. Kì í sábà ṣe èèyàn ńlá ní nǹkan, ṣùgbọ́n nínú ara ológbò, á wọ inú ẹ̀jẹ̀, á fa kálíṣíọ́ọ̀mù wálẹ̀, gìrì á mú un, ó sì lè kú.

"Ẹ ò fún un ní parasítámọ́ọ̀lù?"

"Mo rò ó."

Ó ní hóró kan tó láti pa á. Lẹ́yìn náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó fa omi sí abẹ́ awọ ẹ̀yìn Alága títí iké fi yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó fún un ní abẹ́rẹ́ tó mú un sùn, ó wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní ṣàpèjúwe ohun tó jáde, àwọn kan lè máa jẹun lọ́wọ́. Nígbà tí Alága jí, ó wo dókítà, ó wo èmi, ó sì kọjú sí dókítà.

Oògùn olómi kan tó ń jẹ́ lactulose ni wọ́n fún wa, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, nítorí kílò ara ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìyókù ohun tó sọ, ara fíríìjì mi ló ti wà tipẹ́. Mo ṣí bíìlì iná mànàmáná kúrò níbẹ̀. Oúnjẹ tútù ni Alága ń jẹ báyìí, mo sì tún ń po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́ ọn. Abọ́ omi wà ní pálọ̀, ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, èyí tí mo máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lóru. Mo tún ń fún un ní omi ẹja bíbọ̀ tí kò ní iyọ̀, tí kò sì ní àlùbọ́sà, torí májèlé ni àlùbọ́sà àti ààyù jẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà míì, elégédé bíbọ̀ ṣíbí tíì kan, ṣùgbọ́n kìkì bó bá ń mumi dáadáa, nítorí oúnjẹ tó ní fáíbà tí kò rí omi tún lè mú ìgbẹ́ le sí i. Mò ń ya irun rẹ̀, kó má baà máa fi ahọ́n lá a gbé mì. Dókítà tún ní kó máa sáré, pé ológbò tó sanra tó ń jókòó sójú kan, ìfun rẹ̀ náà á jókòó ni. Èmi ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, mò ń fa okùn kiri pálọ̀ ní alaalẹ́, ìyàwó mi á sì máa ya fídíò.

Dókítà ní bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìsí ìgbẹ́, kí n pe òun. Bó bá ń bì tàbí tó kọ oúnjẹ, kí n má dúró dìgbà náà rárá, pàápàá torí pé ológbò tó sanra tí kò bá jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́.

Tọ́lá kò gbà mí gbọ́ mọ́. Ó ní òun fẹ́ máa rí àwòrán. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí Alága kọ́kọ́ ṣe é fúnra rẹ̀, ayọ̀ gbé mi, mi ò wá dígí ojú mi. Mo ya fọ́tò, mo kọ ọ̀rọ̀ sí i, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp: "Ẹ bá wa yọ̀ o! Alága ti yàgbẹ́ láàárọ̀ yìí! Kò le mọ́, ó dúdú díẹ̀, ó sì gùn dáadáa. Ọlọ́run ṣeun."

Orí ojú ìwé ẹgbẹ́ onílé ni mo fi í sí.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ dáhùn: "Àmín." Ìyá kan kọ ọ́ pé àdúrà àwọn ti gbà. Akápò béèrè pé ta ló ya fọ́tò náà. Mo ń wá bí mo ṣe máa pa á rẹ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo wá rí i pé alága wa gan-an ti ń tẹ nǹkan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n dúró, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó jáde, gbólóhùn kan péré ni.

"Ta ló sọ fún yín?"